A JỌ BẸ̀RẸ̀, A JỌ MÁA DÉ
Ohun tí eré ìje ẹlẹ́gbẹ́ inú igbó lè kọ́ ìdílé àti ìjọ

Ibi kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 33:12-14, 1 Sámúẹ́lì 30:9-25, Hébérù 12:1-2

Ọ̀rọ̀ kan ti ń jà ràn-ìn láàrin àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀. Wọ́n ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù wọn bí àwọn ènìyàn ṣe ń kó ara wọn jọ ní ẹni mẹ́rin mẹ́rin, tí wọ́n ń sáré la igbó kọjá, tí wọ́n ń pọ́n òkè, tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́, tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ lórí omi tọ̀sán-tòru, títí wọn yóò fi dé ibi tí eré náà parí sí. Àwọn ọ̀dọ́ wá ń béèrè pé: "Pásítọ̀, ṣé a kò lè ṣe irú èyí nígbà ìpàgọ́ wa?"

Àwọn òbí kan ti fèsì kíá pé eré ayé ni. Wọ́n ní ọmọ tí a rán níṣẹ́ iyọ̀ tí kò yára dé, kí ni yóò máa sáré wọ inú igbó lọ wá? Ejò àti ìjàǹbá ni àwọn mìíràn ń bẹ̀rù. Ìbéèrè àwọn ọmọ náà tọ́ sí ìdáhùn, ìbẹ̀rù àwọn òbí náà kì í sì í ṣe lásán. Nítorí náà ni a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìmọ́lẹ̀ Ìwé Mímọ́. Nígbà tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò tán, a rí i pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwọn tí wọn kò ní sáré kankan ju àwọn tí yóò sáré lọ.

IRÚ ERÉ WO NI?

Eré yìí kò tíì pẹ́ láyé. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gérard Fusil, ni ó dá èyí tí ó kọ́kọ́ lókìkí sílẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni Raid Gauloises, ìlú New Zealand ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ sá a ní 1989. Ní 1995, Mark Burnett bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ó pe é ní Eco-Challenge. Èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa wò ni èyí tí wọ́n ṣe ní erékùṣù Fiji ní 2019. Ẹgbẹ́ 66 láti orílẹ̀-èdè 30 ni ó kópa níbẹ̀. Ìrìn náà jẹ́ kìlómítà 671, ọjọ́ 11 péré ni wọ́n sì fún wọn láti fi parí rẹ̀. Àwọn ọmọ New Zealand ni ó ṣe ipò kìíní, ìrìn wọn kò sì pé ọjọ́ 6.

Àwọn òfin eré náà ni ó gba àfiyèsí wa jù. Ẹni mẹ́rin ni ó wà nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọkùnrin nìkan tàbí obìnrin nìkan. Ẹni karùn-ún wà tí kì í sáré, òun ni ó ń dúró dè wọ́n ní ibùdó pẹ̀lú oúnjẹ, aṣọ gbígbẹ àti oògùn ẹsẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ lo ẹ̀rọ tí ń júwe ọ̀nà, àwòrán ilẹ̀ àti kọ́ńpáàsì nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀nà. Èyí tí ó ga jù nínú gbogbo òfin náà ni pé ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jọ dé ni. Bí ẹni mẹ́ta bá fi ẹsẹ̀ eré dé ibi òpin tí ẹni kẹrin ṣì wà nínú igbó, ẹgbẹ́ náà kò tíì dé. Bí ẹnì kan kò bá sì lè lọ mọ́, gbogbo wọn ni a óò yọ kúrò nínú ìdíje náà.

Olùkà wa ọ̀wọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ tún òfin yìí kà. Eré ìje tí a mọ̀ nílé ẹ̀kọ́, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù ni ó ń gba ẹ̀bùn. Nínú eré yìí, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù ni a fi ń wọn gbogbo ẹgbẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń sá a fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í fi í ronú ipò kìíní. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbàdúrà fún: kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ dé.

KÌ Í ṢE OHUN ÀJÒJÌ SÍ WA

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọgbọ́n òyìnbó lásán ni èyí. Ní 1951, a dá ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Man O' War Bay, nítòsí Victoria tí a ń pè ní Limbe lónìí. Abẹ́ àkóso Nàìjíríà ni apá ibẹ̀ wà nígbà náà. Alec Dickson ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ni wọ́n kó jọ síbẹ̀, wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ìlú, wọ́n sì jọ ń gun òkè Kamẹrúùnù tí ó ga ju 4,000 mítà lọ. Apá ibẹ̀ di ti orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù ní 1961, ṣùgbọ́n irú ẹ̀kọ́ náà kò kú ní Nàìjíríà. Ó wà ní Shere Hills nítòsí Jos, orúkọ Man O' War sì ni a ṣì ń gbọ́ ní ibùdó àwọn àgùnbánirọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti sìnrú ìlú, tí ẹ ti gun okùn tí ẹ sì ti rá lórí ilẹ̀ ní ibùdó Ṣágámù, ẹ mọ ohun tí a ń wí.

Kí a tilẹ̀ tó dé ibẹ̀, ẹ wo Erédò Súngbọ̀ tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Yàrà àti òkìtì náà gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó 20 mítà. Àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn ti fi hàn pé ó ti tó nǹkan bí 600 ọdún tí a ti gbẹ́ ẹ. Kò sí katakata nígbà náà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ilẹ̀ pupa náà, tí ó ru ú, tí ó sì kó o jọ. Kò sí akọni kan ṣoṣo tí ó lè dá irú rẹ̀ ṣe. Àwọn baba wa tí ń fi àáró àti ọ̀wẹ̀ roko, tí wọ́n ń fi rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tò sí ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí, mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. A ti ń gbàgbé ẹ̀kọ́ náà ni, ó wá di ohun tí a ń lọ wò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú àwọn ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. ÌRÌN ẸNI TÍ Ó KẸ́YÌN NI ÌRÌN ẸGBẸ́

Nígbà tí Jákọ́bù pàdé Ísọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún, inú Ísọ̀ dùn, ó ní kí àwọn jọ máa lọ, pé òun yóò ṣíwájú. Ọkùnrin irínwó ni ó wà lẹ́yìn Ísọ̀, akọ ènìyàn ni gbogbo wọn. Jákọ́bù dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àwọn ọmọ òun ṣì kéré, àwọn ẹran òun ń fọ́mọ lọ́mú, bí a bá sì fi ipá dà wọ́n ní ọjọ́ kan ṣoṣo, wọn yóò kú. Ó ní òun yóò máa rọra bọ̀, bí agbára àwọn ẹran àti àwọn ọmọ bá ti mọ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń rìn ní ìrìn Ísọ̀ lónìí. Bàbá ti ní ìran, ó fẹ́ kọ́lé kí ọdún tó parí, ó fẹ́ kí ọmọ ọdún 9 wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó fẹ́ kí ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ padà sí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìran náà lè dára. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wẹ̀yìn wò? Àwa òjíṣẹ́ Ọlọ́run náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọ tí ó ń gbààwẹ̀ ọjọ́ 40, tí ó ń ṣe ìṣọ́ òru lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, tí ó sì ń dá owó ilé ìjọsìn lóṣooṣù, ó yẹ kí ó mọ ibi tí opó tí ó jókòó lẹ́yìn bá ìrìn dé. Ísọ̀ dé Séírì kíákíá lóòótọ́. Jákọ́bù dé ní tirẹ̀, kò sì sin ọmọ kankan sójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

2. OKÙN WÀ FÚN FÍFÀ

Àwọn tí ń sá eré yìí ní àṣà kan. Ẹni tí agbára rẹ̀ pọ̀ máa ń so okùn mọ́ ẹ̀yìn ara rẹ̀, a sì so ìkángun kejì mọ́ ìbàdí ẹni tí ó ti rẹ̀. Bí wọ́n bá ń pọ́n òkè, a máa fà á. Wọ́n tún máa ń gba ẹrù ẹni tí ó rẹ̀, wọ́n á pín in láàrin ara wọn. Kò sí ẹni tí ó ń fi í ṣe ẹ̀sín, nítorí ẹni tí ó ń fani lónìí lè di ẹni tí a óò fà lọ́la.

Ohun tí ó ń ba ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ jẹ́ nígbà àkọ́kọ́ ni ìtìjú. Bàtà ti bó ẹnì kan lẹ́sẹ̀, kò sọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń rìn, títí ẹsẹ̀ náà yóò fi di egbò tí kò ṣeé tẹ̀lẹ̀ mọ́. Bí ó bá ti sọ ọ́ ní kùtùkùtù, ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọn ì bá fi dí i.

Ṣé a kò mọ irú rẹ̀ nínú ilé wa? Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun jáde láràárọ̀ bí ẹni tí ń lọ sí ọ́fíìsì. Ìyá ti jẹ gbèsè àjọ, ó ń fi orin ìyìn bò ó. Ọmọ ti kùnà nínú ìdánwò WAEC, ó fi èsì rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ẹní. Gbogbo wọn ń jọ́sìn lórí bẹ́ǹṣì kan náà, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ ẹnì kejì ti bó. Bí ọwọ́ Mósè tilẹ̀ ti wúwo, ó jẹ́ kí Áárónì àti Húrì rí i. Wọ́n fún un ní òkúta jókòó lé, wọ́n sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró títí oòrùn fi wọ̀ (Ẹ́kísódù 17). Ẹni tí ó bá kọ okùn nítorí ìtìjú, gbogbo ẹgbẹ́ ni ó ń dá dúró.

3. BÍ Ọ̀NÀ BÁ SỌNÙ, Ẹ PADÀ SÍBI TÍ Ó DÁ YÍN LÓJÚ

Nínú igbó, gbogbo ọ̀nà ló jọra. Àríyànjiyàn kò lè sọ ibi tí àríwá wà, bí ẹni mẹ́ta bá tilẹ̀ pa ohùn pọ̀ lé ẹnì kan lórí. Kọ́ńpáàsì ni yóò sọ ọ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí ní òfin kan: bí ẹ bá ti ṣìnà, ẹ má ṣe máa sáré síwájú nítorí pé ẹ ti rìn jìnnà. Ẹ padà sí ibi ìkẹyìn tí ó dá yín lójú lórí àwòrán, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Jósẹ́fù àti Màríà rin odindi ọjọ́ kan láti Jerúsálẹ́mù, wọ́n rò pé Jésù wà láàrin èrò. Wọn kò ka ara wọn. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé kò sí lọ́dọ̀ wọn, wọn kò sọ pé kí àwọn kọ́kọ́ délé ná. Wọ́n padà síbi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn (Lúùkù 2). Tọkọtaya tí ìjà ti gbà lọ́kàn, ibo ni ẹ ti jọ gbàdúrà kẹ́yìn? Ẹ padà síbẹ̀. Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́, ọjọ́ wo ni ọ̀rọ̀ ti dùn lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì kẹ́yìn? Ẹ padà síbẹ̀. Ìtìjú ìpadàsẹ́yìn ọjọ́ kan sàn ju kí a kú sínú igbó lọ.

4. ẸNI TÍ A KÒ KÀ MỌ́ ẸGBẸ́

Ní 2014, nígbà ìdíje àgbáyé eré yìí ní orílẹ̀-èdè Ecuador, Mikael Lindnord tí í ṣe ọmọ ilẹ̀ Sweden ju ẹran díẹ̀ fún ajá kan tí kò ní olówó, tí ara rẹ̀ kún fún egbò. Ajá náà kò padà lẹ́yìn wọn mọ́. Ó bá wọn rin inú ẹrẹ̀, ó bá wọn pọ́n òkè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọn yóò ti wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ nítorí ewu. Wọ́n wakọ̀ lọ, ajá náà bẹ́ sómi, ó ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé wọn. Lindnord kò lè wò ó bẹ́ẹ̀, ó gbé e sínú ọkọ̀. Wọ́n jọ dé òpin eré náà, ó sì mú un lọ sílé ní Sweden. Arthur ni ó sọ ọ́, ilé rẹ̀ ni ajá náà sì wà títí ó fi kú ní 2020. Àwọn ọmọ yín lè ti wo fíìmù tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 2024.

A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín pé pásítọ̀ ń fi ajá wàásù. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà tí ó ń jí ṣáájú gbogbo ilé, tí ó ń sùn kẹ́yìn, tí a kì í pè síbi àdúrà ìdílé nítorí pé ó ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Ó ti ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé ọkọ̀ wa láti ọdún mélòó kan. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀. Ẹ fi sílé ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó nígbà tí ẹ bá ń ka Bíbélì.

5. BÀBÁ TÍ Ó Ń GBÀGBÉ

A ti dé ibi tí ó wà lọ́kàn wa jù. Lára àwọn tí ó sáré ní Fiji ní 2019 ni Mark Macy, agbẹjọ́rò kan láti ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà. Àgbà eléré ni, ó ti bá wọn sá irú eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2018, nígbà tí ó ti lé ní 60 ọdún, àwọn dókítà sọ fún un pé ó ní àìsàn Alzheimer, àìsàn ọpọlọ tí ń jẹ ìrántí ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ ní 1906 ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọ rẹ̀, Travis, tí òun náà jẹ́ ògbóǹtarìgì eléré, lè wá ẹgbẹ́ tí yóò gba ẹ̀bùn. Bàbá rẹ̀ ni ó mú. Ó ń bá a di ẹrù rẹ̀, ó ń rán an létí ohun tí ó kàn, ó sì ń rìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ wọn kan ni Danelle Ballengee. Ní oṣù Kejìlá 2006, òun nìkan àti ajá rẹ̀, Taz, jáde lọ sáré nítòsí Moab ní Utah. Ó ṣubú láti ibi gíga, eegun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Ó sun ibẹ̀ fún òru méjì nínú òtútù, títí ajá náà fi lọ pàdé àwọn tí ń wá a, tí ó sì mú wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn má ṣe wà ní òun nìkan.

Ẹgbẹ́ náà kò parí kìlómítà 671 náà. Ṣùgbọ́n a bi yín, ọmọ wo ni ó borí jù níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a wálé. Ní ilẹ̀ wa, ìyá àgbà tí ó bá ń ṣi ọ̀nà ilé, tí ó ń béèrè oúnjẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán, tí ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tí ó ti kú pe ọmọ rẹ̀, kíá ni àwọn kan yóò sọ pé àjẹ́ ni ó ń ká. Wọn á lé e sí yàrá ẹ̀yìn. Àwọn mìíràn á mú un lọ sórí òkè àdúrà, wọn á dè é, wọn á fi ebi pa á lórúkọ ààwẹ̀. Orúkọ Jésù ni wọ́n sì ń pè lé gbogbo rẹ̀.

Àìsàn ni èyí, kì í ṣe àjẹ́. Àjọ elétò ìlera àgbáyé sọ pé ó ju mílíọ̀nù 55 ènìyàn tí irú àìsàn ìgbàgbé bẹ́ẹ̀ ń bá jà lágbàáyé. Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí ó papò dà ní 1995, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí láàrin àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn ní Ìbàdàn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2001 fi hàn pé iye àwọn tí àìsàn yìí ń mú lọ́dọọdún ní Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Ó kéré níhìn-ín, ṣùgbọ́n ó wà. Ó ti wà láàrin wa kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ lórúkọ.

Àwa tí a gba ìwòsàn àtọ̀runwá gbọ́, ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà fún wọn láìdẹ́kun. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń gbàdúrà fún ni a kì í fi okùn dè. Ẹ mú wọn lọ sí ọsibítù. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sínú àpò wọn kí wọ́n má baà sọnù. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ máa kọ orin àtijọ́ tí wọ́n mọ̀ fún wọn, nítorí orin máa ń pẹ́ nínú wọn ju orúkọ lọ. Onísáàmù gbàdúrà nínú Sáàmù 71 pé kí Ọlọ́run má ṣe kọ òun sílẹ̀ nígbà ogbó. Ọwọ́ tí Ọlọ́run fẹ́ fi dá àdúrà náà lóhùn ni ọwọ́ àwa ọmọ. Wọ́n fi okùn fà wá nígbà tí a kò lè rìn. Ó ti kan àwa náà báyìí láti so okùn mọ́ra.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ PÍPARÍ ERÉ?

Ẹgbẹ̀ta ọkùnrin ni ó bá Dáfídì lé àwọn Ámálékì. Nígbà tí wọ́n dé odò Bésórì, ó rẹ igba nínú wọn, wọn kò lè sọdá. Wọ́n jókòó ti ẹrù. Irínwó tí ó lọ ṣẹ́gun, wọ́n sì kó ìkógun bọ̀. Àwọn ènìyàn búburú inú wọn ní kí a má ṣe fún igba náà ní nǹkan kan ju aya àti ọmọ wọn lọ. Dáfídì kọ̀. Ó ní ìpín ẹni tí ó lọ sójú ogun àti ti ẹni tí ó jókòó ti ẹrù yóò dọ́gba, ó sì sọ ọ́ di òfin ní Ísírẹ́lì. Òfin tí àwọn eléré yìí rò pé àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, Dáfídì ti ṣe é létí odò.

Ìwé Hébérù sọ fún wa pé kí a sá eré ìje tí a gbé ka iwájú wa pẹ̀lú sùúrù. Gbogbo wa ni ó bá sọ̀rọ̀ pọ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá dé ọ̀run tí ó sì fi ọkọ, aya, ọmọ àti aládùúgbò sínú igbó láìwẹ̀yìn wò, kí ni yóò sọ fún Ẹni tí ó fi mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún sílẹ̀ lọ wá ẹyọ kan?

BÍ ÀWỌN Ọ̀DỌ́ WA BÁ FẸ́ SÁ A

Ìdáhùn wa sí àwọn ọ̀dọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ṣe é, pẹ̀lú ọgbọ́n. Ìmọ̀ràn wa nìyí:

(a) Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn alàgbà ìjọ, àwọn òbí àti olóko tí ẹ óò gba ilẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ọ̀nà oko ni kí ẹ lò. Ẹ má ṣe wọ igbó ọba ti Ọmọ, apá J4. Ìjọba ni ó ń dáàbò bò ó, erin sì wà níbẹ̀.

(b) Kìlómítà 10 ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi rìn ín, kí ẹ má ṣe fi odò kún un. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, kí ẹ lè parí kí oòrùn tó mú.

(d) Ẹni mẹ́rin mẹ́rin ni kí ẹ jẹ́, tọkùnrin tobìnrin, kí ẹnì kan nínú wọn sì ti ju ogójì ọdún lọ. Ẹ má ṣe kó àwọn alágbára sí ẹgbẹ́ kan náà.

(e) Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, tàbí tí ó ní ikọ́ fée, kò gbọdọ̀ sáré àsápajúdé. Òun ni kí ó jẹ́ ẹni karùn-ún tí yóò máa ṣètò ibùdó. Ẹ̀bùn rẹ̀ yóò dọ́gba pẹ̀lú ti àwọn tó sáré. Òfin Bésórì nìyẹn.

(ẹ) Ẹ gbé omi tí ó pọ̀ tó dání, àti gàrí Ìjẹ̀bú, ṣúgà àti ẹ̀pà. Fún ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ, ẹ po omi oníyọ̀: ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a rẹ́ lójú àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ nínú lítà omi kan tó mọ́.

(f) Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní fèrè lọ́rùn. Ìfọn mẹ́ta léraléra túmọ̀ sí pé ẹ wá gbà wá. Kí ẹgbẹ́ máa ka ara wọn ní gbogbo ìkóríta.

(g) Ẹ wọ bàtà tí ó bo ẹsẹ̀. Bí ejò bá bu ẹnì kan jẹ, ẹ má ṣe gbẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fi ẹnu fà á, ẹ má ṣe so ó le. Kí ó má ṣe rìn, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá. Kí ọkọ̀ kan wà ní ìmúrasílẹ̀ fún èyí.

(gb) Ìgbà tí ẹni ìkẹyìn bá dé ni kí ẹ kọ àkókò ẹgbẹ́ sílẹ̀.

FÚN ÀDÚRÀ ÌDÍLÉ

1. Ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo jù nínú ilé wa lọ́wọ́lọ́wọ́? Kí ni a lè gbà nínú ẹrù rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí?
2. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó tí kò tíì sọ? Kí bàbá tàbí ìyá kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ kí ẹ̀rù má baà ba àwọn ọmọ.
3. Àgbàlagbà wo nínú ẹbí ni a kò tíì bẹ̀ wò láti ìgbà tí ó ti ń gbàgbé nǹkan? Ọjọ́ wo ni a óò lọ?

Kí Olúwa tí ó mú Ísírẹ́lì la aginjù kọjá, tàgbà tèwe, fún wa ní sùúrù láti dúró de ara wa. Kí ó fún alágbára inú wa ní okùn, kí ó sì fún aláìlera ní ìgboyà láti di í mú. Ilé wa kò ní dín lójú ọ̀nà. Gbogbo wa ni a óò jọ dé, ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.